Bí ẹ ṣe lè kó àwọn ọmọ lọ pẹja lórí yìnyín nígbà tí òtútù bá ń parí lọ

Lọ́dọọdún, tí oṣù Kejì bá ti ń lọ sópin, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa ní Minnesota máa ń bi mí lẹ́yìn ìsìn: "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ti gbọ́ nípa ẹja pípa lórí yìnyín níléèwé, wọn ò jẹ́ ká gbádùn. Ṣé ó ti pẹ́ jù báyìí? Ṣé yìnyín yẹn ò ní já mọ́ wa lẹ́sẹ̀?"

Kò pẹ́ jù. Lójú tèmi, àsìkò yìí gan-an ló dáa jù láti kó ọmọ lọ. Oòrùn ti ń pẹ́ kó tó wọ̀, òtútù ti dẹwọ́ díẹ̀, ebi sì ti ń pa ẹja. Ṣùgbọ́n àsìkò yìí náà ni yìnyín máa ń tan èèyàn jẹ jù. Ìdílé tó máa fẹsẹ̀ rìn wọ orí adágún, tó máa lo wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó padà sílé, ni mo kọ èyí fún. Ẹni tó bá fẹ́ wa mọ́tò gun yìnyín, kó lọ bá ẹlòmíì.

## Perch ni ẹja ọmọdé, walleye ni èènì

Perch kì í sábà ju ínǹṣì 12 lọ. Ara rẹ̀ dà bí àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní ilà dúdú gbọọrọ láti ẹ̀yìn wá sí ikùn. Ọ̀wọ́ ni wọ́n ń rìn, ojúmọmọ ni wọ́n sì ń jẹun. Tí ọ̀wọ́ kan bá dé sábẹ́ ihò yín, ọmọ ọdún márùn-ún á fa ẹja mẹ́ta sókè kí ẹ tó rí ibi fìdí lé.

Walleye gùn ju ìyẹn lọ, ó léyín, ojú rẹ̀ sì máa ń tàn bíi ti ológbò. Ojú yẹn ló fi ń rí ìjẹ nínú òkùnkùn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jẹun dáadáa. Ó lè fi wákàtí mẹ́ta sá fún yín, kó wá gbé ìjẹ nígbà tí oòrùn bá ku díẹ̀ kó wọ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣètò ọjọ́ yín sórí perch: ẹ dé ibẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ pa tiwọn. Tí ara wọn bá ṣì le nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ẹ fi wákàtí tó gbẹ̀yìn wá walleye. Tí ọmọ bá ti ń sunkún ní aago mẹ́ta, ẹ kó ẹrù yín. Ọmọ tí òtútù bá dá lóró lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní tẹ̀ lé yín mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

## Òfin tó máa ń mú èèyàn lójijì

- Láísẹ́ǹsì. Ọmọ olùgbé Minnesota tí kò tíì pé ọdún 16 kò nílò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí nílò rẹ̀ tí ẹ bá máa di ọ̀pá mú. Láísẹ́ǹsì ọlọ́dún kan máa ń kú pẹ̀lú oṣù Kejì, èyí tí ẹ rà ní Kérésì lè má ṣiṣẹ́ mọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára tiyín.
- Àsìkò walleye. Lórí àwọn adágún inú ìpínlẹ̀, ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kejì ni wọ́n máa ń tì í. Tó bá gbé ìjẹ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ dá a padà sómi lójú ẹsẹ̀. Lake of the Woods, lókè lọ́hùn-ún ní ààlà Kánádà, ṣì máa ń ṣí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin.
- Perch kò ní àsìkò tí wọ́n ń tì í. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbé ọjọ́ yín lé e lórí.
- Okùn. Lórí yìnyín, ẹnì kan lè lo okùn méjì. Pẹ̀lú ọmọdé, ọ̀kan tó. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta tó tún ń ṣọ́ okùn mẹ́fà, okùn ló máa fi gbogbo ọ̀sán tú.
- Iye ẹja. Iye tí ẹ lè mú lọ sílé àti bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó yàtọ̀ láti adágún sí adágún. Ní Lake of the Woods, walleye tó bá wà láàárín ínǹṣì 19.5 sí 28 gbọ́dọ̀ padà sómi. Àjọ DNR ti Minnesota, tó ń bójú tó omi, igbó àti ẹja ìpínlẹ̀, máa ń gbé ìwé òfin ẹja jáde lọ́dọọdún. Ẹ wá orúkọ adágún yín nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

## Yìnyín: ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí

Láàárín òtútù, ìbéèrè kan ló wà: báwo ló ṣe nípọn tó? Nígbà tí òtútù bá ń parí lọ, ìbéèrè ti di méjì: báwo ló ṣe nípọn tó, ṣé ó sì ṣì le?

Àjọ DNR sọ pé tí yìnyín tuntun tó mọ́ gaara kò bá tó ínǹṣì 4, kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kàn án. Yìnyín funfun, èyí tí òjò dídì dà pọ̀ mọ́, agbára rẹ̀ kò ju ìdajì ti gaara lọ, nítorí náà ẹ sọ 4 yẹn di 8. Ṣùgbọ́n lóṣù Kẹta, ẹ lè rí yìnyín ínǹṣì 20 tó ti rà nínú. Oòrùn á ti jẹ ẹ́ láti òkè wá, á wá dúró bí àbẹ́là tí a tò ṣù sójú kan. Tẹ́ ẹ bá gún un, á fọ́ sí gígùn gígùn. Tó bá ti di àwọ̀ eérú, tí omi ń sun lórí rẹ̀, tàbí tó rí bí afárá oyin, ẹ yí padà. Kò sí ohun tí ẹ tún ń wọ̀n níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ pe ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìjẹ nítòsí adágún náà. Ẹ má kàn bi wọ́n pé "ṣé yìnyín dáa?" Ẹ bi wọ́n bó ṣe nípọn tó, bí etí adágún ṣe rí, àti ibi tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé.
2. Ẹ wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí lóru. Tí kò bá dì lóru méjì tàbí mẹ́ta léra, ẹ sún un síwájú.
3. Àgbà kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn àti ọ̀pá irin olójú pẹlẹbẹ lọ́wọ́. Kó fi ọ̀pá náà gún yìnyín níwájú rẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀. Tí irin bá já sómi lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.
4. Kó dá ihò, kó ki rúlà sínú rẹ̀, kó fi kọ́ abẹ́ yìnyín, kó kà á. Ẹ má ṣe fojú wọ̀n ọ́n.
5. Kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 150. Adágún kan náà lè nípọn níhìn-ín, kó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún.
6. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ á tó tẹ̀ lé e, lójú ọ̀nà kan náà, kí wọ́n má sì rọ́ jọ sójú kan.

Etí adágún ló kọ́kọ́ máa ń yọ́. Ilẹ̀ dúdú àti òkúta máa ń gba oòrùn sára, wọ́n á sì yọ́ yìnyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́ wa, mo wọn àárín adágún dáadáa, ínǹṣì 22, inú mi dùn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la wọlé láìsí wàhálà. Nígbà tí a máa fi jáde ní aago mẹ́rin, omi tó kókósẹ̀ ló ń dúró dè wá létí. Bàtà àbígbẹ̀yìn mi kún, a sì ní ogún ìṣẹ́jú láti rìn dé ibi mọ́tò. Ìyá rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Láti ìgbà náà, mo máa ń rìn padà wo etí adágún ní wákàtí wákàtí, mo sì máa ń gbé pákó gígùn kan sínú mọ́tò.

Ẹ jìnnà sí ẹnu odò tó ń ṣàn wọnú adágún, abẹ́ afárá, ibi ìsun omi, àárín esùsú, àti ẹ̀gbẹ́ pèpéle tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi rẹ̀ kó má baà dì. Ohun tó ń dunni ni pé ẹnu odò wọ̀nyẹn gan-an ni walleye máa ń kó lọ nígbà yìí, torí ó kù díẹ̀ kó yé ẹyin. Ẹ jẹ́ kó lọ.

### Tí ẹnì kan bá já sómi

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ nílé, lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi ṣeré títí á fi mọ́ wọn lára:

1. Má bọ́ ẹ̀wù. Atẹ́gùn inú rẹ̀ ń gbé ọ lékè.
2. Mí díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ni mímí máa ń ṣòro jù. Bí ìṣẹ́jú 10 ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ kí òtútù tó gbà á.
3. Kọjú sí ibi tí o ti wá. Yìnyín ibẹ̀ ló gbé ọ tẹ́lẹ̀.
4. Fi ìṣó ìgunyìnyín méjèèjì (ìṣó olórí mímú tí a fi okùn so kọ́ ọrùn) gún yìnyín, fi ẹsẹ̀ gbá omi bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́ títí wàá fi sùn gbalaja lórí rẹ̀.
5. Má dìde. Yí bìrí bìrí lọ sí ibi tó le.

Ẹni tó wà lórí yìnyín kò gbọ́dọ̀ sáré lọ síbi ihò náà. Kó pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, kó dọ̀bálẹ̀, kó ju okùn. Ẹni tó bá jáde, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀ kíá nínú mọ́tò tó gbóná.

## Ẹrù

- auger, ẹ̀rọ tí a fi ń dá yìnyín lu. Tọlọ́wọ́, ínǹṣì 6, tó fún perch àti walleye, ó sì fúyẹ́
- ọ̀pá irin, rúlà, okùn gígùn, ìṣó ìgunyìnyín fún olúkúlùkù
- ìgbakọ oníhò láti fi kó yìnyín wẹ́wẹ́ kúrò lójú ihò. Wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ṣe fún un, àmọ́ èyí tí ẹ fi ń yọ àkàrà nínú epo ń ṣiṣẹ́ kan náà
- ọ̀pá kúkúrú kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: okùn tó lè gbé pọ́n-ùn 3 tàbí 4 fún perch, 6 fún walleye
- ìwọ̀ kéékèèké olórí tungsten (irin tó wúwo), irin ṣíbí tó ń dán, bọ́bà (ohun tó ń léfòó tí a so mọ́ okùn)
- ìjẹ: ìdin, àti ẹja wẹ́wẹ́
- àgọ́ tó ń ká, híità onígáàsì, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa carbon monoxide, gáàsì olóró tí híità ń tú jáde
- bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ìjókòó, òmíràn fún ẹja
- bọ́kẹ́ẹ̀tì olómorí pẹ̀lú àpò ọ̀rá fún ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má fò ó. Ọmọ á bèèrè rẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá dé, òfin Minnesota sì ti kà á léèwọ̀ láti ọdún 2023 láti fi ìdọ̀tí èyíkéyìí sílẹ̀ lórí yìnyín
- ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, méjì méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan
- oúnjẹ gbígbóná nínú fúláàsì

Aṣọ tó bá kan ara kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú. Òwú ń fa òógùn, kì í sì í gbẹ, òtútù á wá gba ibẹ̀ wọlé. Wúlù tàbí aṣọ eléré ìdárayá ni kó wà nísàlẹ̀. Bàtà kò gbọ́dọ̀ fún: ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú bàtà tó há ń mú ẹsẹ̀ tutù ju ìbọ̀sẹ̀ kan lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá ti sọ òtútù náà di ìsàlẹ̀ òdo ní Fahrenheit, ẹ dúró sílé. Àwọn ọlọ́mọ kan máa ń lọ. Èmi kì í lọ.

Oúnjẹ náà ń kọ́? Mo ti gbé jọ́lọ́ọ̀fù lọ rí, ṣíbí dì mọ́ wa lọ́wọ́. Mọ́ínmọ́ín gbígbóná nínú ewé rẹ̀ ló dáa jù: ọmọ á fi gbóná ọwọ́ kó tó jẹ ẹ́.

## Lórí yìnyín: láti aago kan sí ìrọ̀lẹ́

1. Ẹ dá gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ní ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ti mọ níwọ̀n lọ sí ibi tó jìn. Ariwo auger ń lé ẹja, nítorí náà ẹ parí ariwo kí ẹ tó sọ ìwọ̀ sómi. Àwọn ọmọ ni kó máa fi ìgbakọ kó yìnyín wẹ́wẹ́, ara wọn á gbóná.
2. Ẹ wọn bí omi ṣe jìn tó. Perch àsìkò yìí fẹ́ràn ilẹ̀ pẹrẹsẹ ẹlẹ́rẹ̀, torí ìdin pupa tó ń gbé inú ẹrẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ sí 25. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn, kó fi òjé so mọ́ ìwọ̀, kó jẹ́ kó balẹ̀, kó sàmì sí okùn.
3. Ẹ fi ìdin méjì sẹ́nu ìwọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀, ẹ gbé e, ẹ tún jẹ́ kó balẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹrẹ̀ lè ru. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sókè ní ínǹṣì 6, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ìgbà tí ọwọ́ dúró yẹn ni perch ń gbé e. Ọmọdé kì í fẹ́ dá ọwọ́ dúró, ẹ ní kí wọ́n ka ení títí dé ẹẹ́wàá.
4. Ìṣẹ́jú 15 láìsí nǹkan, ẹ lọ sí ihò mìíràn. Perch kì í wá bá yín. Ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a.
5. Tí ọ̀kan bá jáde, ẹ tètè dá ìwọ̀ padà. Ọ̀wọ́ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ di ìgbà tó bá yá.
6. Ní bíi wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, àgbà kan lọ sí ihò tó wà létí ibi tí ilẹ̀ abẹ́ omi ti ń da gẹ̀ẹ́rẹ́. Kó fi ẹja wẹ́wẹ́ kọ́ bọ́bà, kó dúró bíi ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀. Nínú ihò kejì, kó máa fi irin ṣíbí tó ń dán, tí orí ẹja wẹ́wẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, pe walleye: kó gbé e sókè kíákíá, kó jẹ́ kó jábọ́, kó dúró. Irin yìí ló ń pè é wá, bọ́bà ló sábà máa ń mú un.
7. Ẹ má gé ẹja lórí yìnyín. Ẹ gbé e délé ní odidi, kí ẹ̀ṣọ́ ẹja lè kà á, kó sì wọ̀n ọ́n tó bá dá yín dúró.
8. Kí ẹ tó kúrò létí adágún, ẹ da omi inú ike ìjẹ nù. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ẹja wẹ́wẹ́, omi ẹ̀rọ tàbí ti inú ike rírà ni kó fi rọ́pò rẹ̀. Èyí tó kù tí ẹ ò fẹ́, inú pàǹtírí ni, kì í ṣe inú adágún.

## Àṣìṣe tí mò ń rí ṣáá

Títi àgọ́ pa nítorí òtútù. Híità onígáàsì ń tú carbon monoxide jáde, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé àgọ́ méjèèjì sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ ìkìlọ̀ kọ́ síbi tí ọmọ ń mí. Tí orí bá ń fọ́ ọmọ tàbí oorun ń kùn ún lọ́nà tí kò yẹ, ìta ló kàn.

Dídá ẹja tó tinú omi jíjìn wá padà. Èyí tó bá wá láti ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ sísàlẹ̀, inú rẹ̀ ti wú kó tó dé òkè, ọ̀pọ̀ ni kò ní yè. Tí ẹ bá ti kó iye tí ẹ fẹ́, ẹ kúrò níbi jíjìn.

Títẹ́ ẹja sórí yìnyín nígbà tí ẹ ń ronú bóyá ẹ máa mú un lọ. Ojú àti ìjàgbọ̀n rẹ̀ á dì. Ẹ tètè pinnu.

Dídi ẹja mú lódìlódì. Lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn perch jẹ́ ẹ̀gún. Ẹ kọ́ ọmọ pé láti orí ni ọwọ́ ti ń yọ́ lọ sí ìrù, kí ẹ̀gún náà lè sùn.

## Tí ẹ ò bá ní ẹrù, tàbí tí ẹ̀rù bá ń bà yín

Ẹ má kánjú rà. Àwọn ilé àlejò tó wà ní Baudette, létí Lake of the Woods, máa ń gbé àlejò lọ sórí yìnyín, wọ́n á fi yín sínú ilé kékeré tó gbóná, ihò á ti wà nílẹ̀. Owó ń lọ síbẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ ọ̀nà, walleye sì ṣì ṣí níbẹ̀ nígbà tí ti ilé bá ti tì. Tó bá jẹ́ perch ńlá lẹ ń wá, adágún Winnibigoshish àti Leech Lake lókìkí. Tó bá sì jẹ́ pé yìnyín ti bàjẹ́ lọ́dún yìí, ẹ fi sọ́kàn pé DNR máa ń ya òpin ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù Kìíní, tí òbí tó mú ọmọ tí kò ju ọdún 15 lọ lè pẹja lórí yìnyín láìní láísẹ́ǹsì.

## Ó dé ilé ìdáná

Ìlera ọmọ kọ́kọ́ ná. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera Minnesota gba àwọn aláboyún, àwọn tó lè lóyún àti ọmọ tí kò tíì pé 15 nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ perch lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, walleye tí kò tó ínǹṣì 20 lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí mercury, májèlé kan tó máa ń wà lára ẹja. Perch tún borí níbẹ̀.

Ìpẹ́ perch le bí èékánná, ẹ fi ṣíbí ha á nígbà tó ṣì tutù. Iyọ̀, ata gígún, òróró tó gbóná dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fún èyí tó kéré. Abo àsìkò yìí máa ń ní ẹyin nínú, ẹ má dà á nù, ẹ dín in lọ́tọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ẹran walleye nípọn, ó funfun, kì í sì í fọ́ tí ẹ bá jẹ́ kí awọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Èmi máa ń dín tirẹ̀ kó tó wọ ata dindin. Orí rẹ̀ wà fún ọbẹ̀ ata. Àwọn òyìnbó àdúgbò wa máa ń sọ orí yẹn nù. Mo ti ní kí wọ́n máa kó o wá fún mi.